Ẹnu-Ọ̀nà Tí Kò Ní Ọnà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ọ̀nà sọ́tọ̀ kúrò lára ọnà. Èkíní ni ẹsẹ̀ ń tọ̀. Èkejì ni ọwọ́ ń ṣe, tí ojú ń rí, tí inú sì ń dùn sí. Àwọn baba ńlá wa kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì jìnnà sí ara wọn, nítorí pé ibi tí ọ̀nà bá ti wọ inú ilé gan-an ni wọ́n máa ń kó ọnà sí jù lọ. Ṣùgbọ́n ní ìlú Abidjan tí a wà yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá ti mú kí àwọn méjèèjì kọ ara wọn sílẹ̀. Ẹnu-ọ̀nà wà, ọnà kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ṣé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ wá ń kọ sínú ìwé ìròyìn. Kí ó rẹ́rìn-ín tán, kí ó sì ka èyí tí ó kù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe àlàyé irú ilé tí mò ń wí fún ẹ̀yin tí ẹ ti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Atakpamé tàbí Ìbàdàn wá, tí ẹ kò sì tí ì pẹ́ ní ìlú yìí. Ní Treichville, ní Adjamé, ní Koumassi, ní Abobo àti ní Yopougon, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbé inú ohun tí àwọn ará ìlú ń pè ní cour commune. Ògiri kan ni ó yí gbogbo rẹ̀ ká. Géètì kan ṣoṣo ni ó kọjú sí ìgboro. Àwọn yàrá tò yí àgbàlá kan ká, ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sì kọjú sí èkejì; ẹ̀rọ omi kan náà ni gbogbo ayálégbé ń lò, gbangba ni wọ́n sì ti ń dáná. Bí ẹ bá fi ara balẹ̀ wò ó, agboolé ni. Ẹni tí a bí sí agboolé ní Èjìgbò tàbí ní Ṣakí kò ní ṣìnà nínú rẹ̀. Ohun kan ni agboolé ní tí a kò rí níbẹ̀, èyí nì ni ìloro.

Ẹni tí ó bá mọ ìloro mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí a kàn ń gbà kọjá. Níbẹ̀ ni àgbà ilé ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ń wo ẹni tí ń wọlé àti ẹni tí ń jáde. Níbẹ̀ ni àlejò ń dúró sí títí a ó fi mọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Obìnrin ilé a máa fi ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé pa ilẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi máa dán, ọkùnrin ilé a sì máa fi ọ̀pá, àpó tàbí ìwo ẹran tí ó pa hàn lára ògiri rẹ̀. Ní ààfin, òpó tí a gbẹ́ ní àwòrán ẹlẹ́ṣin, ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n, àti ọba pẹ̀lú adé rẹ̀ ni ó máa ń gbé òrùlé ró. Kí àlejò tó ṣí ẹnu rárá, ẹnu-ọ̀nà ti sọ fún un irú ilé tí ó dé.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, kí ó rántí ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Olówè ará Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ, ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ní apá kan, ọba jókòó pẹ̀lú adé, aya rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ń bọ̀ lórí èjìká àwọn tí ó gbé e, àwọn aláàárù sì ń tẹ̀ lé e. Olówè kò fi àwọn ère náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ lára pákó: ó gbẹ́ wọn yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn yóò rò pé wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ní ọdún 1924 ni wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Wembley ní ìlú London. Àwọn tí ó ni ilé ìṣúra British Museum rí i, ojú wọn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́, àga ọba kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ó wà ní London títí di òní yìí. Àwọn ará Korhogo àti Boundiali ní àríwá ilẹ̀ Côte d'Ivoire níbí náà mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Senufo wọn gbẹ́ ilẹ̀kùn tí ẹja, ọ̀nì àti ẹyẹ wà lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilẹ̀kùn náà sì wà ní ilé ìṣúra ní òkè òkun nísinsìnyí. A ta ilẹ̀kùn, a wá fi páànù dípò rẹ̀.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ọba ni ó ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pé mẹ̀kúnnù kò ní ilẹ̀kùn Olówè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà ẹnu-ọ̀nà kò dúró sí ọ̀dọ̀ ọba. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ni ó ń fi ẹfun, èédú àti amọ̀ pupa kun ògiri ojúbọ òrìṣà nígbà ọdún. Àwọn Àgùdà tí ó ti oko ẹrú Brazil padà dé sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kì í ṣe ọba. Bíríkìlà àti káfíńtà ni ọ̀pọ̀ wọn. Síbẹ̀, wọn kò kọ́ ilé kan kí wọ́n má fi sìmẹ́ńtì ṣe òdòdó àti ìlà yí ojú ilẹ̀kùn rẹ̀ ká, wọn a sì fi àwọ̀ tí ó yàtọ̀ sí ti ògiri kùn ún. Ẹ̀yin tí ẹ ti Àjàṣẹ́ wá, ẹ̀yin ni ẹ lè jẹ́ ẹ̀rí mi.

Ẹ wá tẹ̀ lé mi padà sí Koumassi. Ilẹ̀kùn irin, àwọ̀ eérú. Ògiri tí omi òjò ti kọ ìlà sí láti òkè dé ilẹ̀. Gílóòbù iná kan tí kò ní ìbòrí. Bàtà mẹ́rin, garawa kan. Ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ ti wà ní Abidjan fún ọgbọ̀n ọdún.

Kì í ṣe òṣì ni ó fà á, kì í sì í ṣe pé ojú ẹni náà kò mọ ohun tí ó dára. Ẹ lọ sí Èjìgbò kí ẹ wo ilé tí ẹni yìí kan náà kọ́. Gbogbo ẹni tí ó bá mọ ìlú náà mọ̀ pé owó Abidjan wà nínú ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀, pé ọkọ̀ ń ti ibẹ̀ wá sí ibí tààrà, àti pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì ní ọjà wọn. Ilé tí ọ̀gbẹ́ni wa kọ́ síbẹ̀ ní òpó ńláńlá ní iwájú, géètì rẹ̀ ní orí kìnnìún méjì, àwọn àtẹ̀gùn rẹ̀ ń dán. Kò sí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ ju àbúrò kan àti ewúrẹ́ mélòó kan lọ. Ibi tí kò sí ni ó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ibi tí ó wà ni ó fi sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Kí ni ìdí rẹ̀? Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, wọn yóò ní àjò kò dùn kí onílé má relé. Wọn yóò ní, "A kò ní í pẹ́ lọ." Mo ti máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ahun ni ó ń sọ̀rọ̀ báyìí. Nígbà tí mo ka ìtàn tí mo sì fi etí sí àwọn àgbà, mo rí i pé ẹ̀rù ni, ẹ̀rù náà sì ní ìdí. Ní oṣù October ọdún 1958, àwọn èrò dìde ní ìlú Abidjan yìí sí àwọn ará Dàhọ̀mì àti Tógò tí ó ń ṣiṣẹ́ níbí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni a kó padà sí ìlú wọn pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí ọwọ́ wọn lè gbé. Ní oṣù November ọdún 1969, ìjọba Busia ní ilẹ̀ Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti fi jáde. Àìmọye Yorùbá tí ó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, títí kan àwọn tí a bí síbẹ̀, ni ó fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Nàìjíríà náà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gánà ní ọdún 1983, kí a má ṣe dà bí ẹni pé àwa nìkan ni a jìyà. Nígbà tí ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, gbogbo wa rí bí ẹ̀rọ ìwólé ti wọ Gesco ní Yopougon àti Boribana ní Attécoubé, tí àwọn ẹbí tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ ń ṣa páànù àti férémù fèrèsé nínú àwókù. Ẹni tí ó bá jogún irú ìtàn báyìí, kò yani lẹ́nu bí kò bá fẹ́ ra ọ̀dà sí ara ògiri ẹlòmíràn.

Nítorí náà, n kò ní fi àwọn àgbà wa ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láyè kí n sọ ibi tí èmi kò ti gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ̀rù yẹn lè sọ fún ènìyàn kí ó má ṣe fi gbogbo owó rẹ̀ ra ilẹ̀ ní ìlú onílùú. Kò yẹ kí ó sọ fún un kí ó má ṣe gbé ibi tí ó ń gbé. Àwọn Yorùbá ti ń bá òwò bọ̀ ní ilẹ̀ yìí láti ìgbà tí ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1904 ti ń gòkè lọ sí Dimbokro àti Bouaké. Wọ́n ń pè wá ní Anago níbí títí orúkọ náà fi di ti ìbílẹ̀. Ọmọ ti bí ọmọ. Tí "a kò ní í pẹ́ lọ" bá ti di ohun tí bàbá sọ, tí ọmọ sọ, tí ọmọ-ọmọ tún ń sọ, a jẹ́ pé ó tó àkókò kí a bi ara wa pé ta ni ó ń lọ.

Àwọn ọmọ gan-an ni ó mú mi kọ ìwé yìí. Nígbà tí wọ́n rán wa lọ kọ́ṣẹ́ nínú kíláàsì, mo sọ fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án pé kí olúkúlùkù ya àwòrán ilé rẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan wà láàrin wọn, Koumassi ni a bí i sí. Ó ya ilé alájà méjì, ó ya òpó, ó ya géètì, ó fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ya kìnnìún méjèèjì bí ajá tí ó ń rẹ́rìn-ín. Mo yìn ín. Mo wá bi í pé níbo ni ilé yìí wà. Ó ní ilé bàbá òun ní Èjìgbò ni. Kò tí ì dé Èjìgbò rí. Inú fóònù bàbá rẹ̀ ni ó ti rí i. Mo ní, "Ilé tí o sùn sí ní alẹ́ àná ńkọ́?" Ó wò mí bí ẹni tí ó ń wò bóyá olùkọ́ yìí gbọ́n. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ilé. Ibi tí à ń gbé ni."

Mo ti ka ìwé díẹ̀ lórí bí a ti ń kọ́ ọmọdé, n kò sì rí ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ yẹn nínú wọn. Ọmọ tí ó bá ka ibi tí ó ń jí, tí ó ń jẹun, tí ó ti kọ́ ìrìn, sí ibi ìdúró de ọkọ̀, kí ni yóò tọ́jú níbẹ̀? Ta ni yóò sì kí níbẹ̀? Bí ó bá sì dé Èjìgbò ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń pè é ní ará Abidjan, èwo ni yóò wá di ilé rẹ̀ nínú méjèèjì?

Àwọn tí a jọ ń gbé àgbàlá kò ṣe bí tiwa. Ẹ bi àwọn ọ̀rẹ́ yín tí ó ti Burkina Faso wá nípa ìlú Tiébélé, níbi tí àwọn obìnrin Kassena ti ń kun ara ilé wọn láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò: dúdú, funfun àti pupa, láti inú òkúta àti amọ̀ àdúgbò wọn. Lẹ́yìn ìkórè, kí òjò tó tún dé, wọn a péjọ, àgbà a máa fi han ọmọdé, wọn a fi òkúta wẹ́wẹ́ dán ojú ògiri náà, wọn a sì fi omi tí a fi èèpo èso igi irúgbá sè pa á kí òjò má bàa tètè wẹ̀ ẹ́. Igi irúgbá yìí ni igi tí àwa ti ń rí irú tí a fi ń se ọbẹ̀. Àwa fún ikùn ní tirẹ̀, àwọn fún ojú pẹ̀lú. Ní ọdún 2024 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ ààfin Tiébélé sínú ìwé ogún gbogbo àgbáyé. Òjò ọdọọdún ń bà á jẹ́, ọdọọdún ni wọ́n sì ń ronú àtikùn ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyè sí èyí dáadáa: àwọn tí ilé wọn lókìkí jù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ó mọ̀ jù lọ pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò ní í pẹ́ kí ó tó parẹ́, wọn kò sì torí rẹ̀ fi ògiri sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà kò lè dí wa lọ́wọ́. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Yorùbá Abidjan, mo sì ti gbọ́ tí wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ère ní ẹnu-ọ̀nà. Kò burú. Ní Kano àti Zaria, àwọn mọlémọlé Hausa tí Mùsùlùmí ni wọ́n ń fi amọ̀ mọ ìlà, ìkokò àti oríṣiríṣi igun yí ẹnu-ọ̀nà ilé ká, ó sì lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ayàwòrán-ilé fi ń lọ kọ́gbọ́n níbẹ̀. Àwọn ìyá wa tí ó ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, àwọn ọkùnrin tí ó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́, ìlà ni iṣẹ́ wọn. Ìlà kò bọ òrìṣà. Ní ti àwọn Krìsítẹ́nì, kí wọ́n rántí pé Fadá Kevin Carroll kó àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà jọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti ọdún 1947 sí 1954, kí wọ́n máa gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ilé ìjọsìn. Ibẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, ti kọ́ṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn ká gbogbo ayé kí ó tó di olóògbé ní ọdún 2009.

Ó ku ọ̀rọ̀ onílé àti ọ̀rọ̀ owó. Nínú àgbàlá kan ní Treichville, mo mọ ìyá kan tí ó ń ta aṣọ. Àjákù àdìrẹ máa ń ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, èyí tí kò tó ìró tí kò sì tó gèlè. Ó rán wọn pọ̀ mọ́ ara wọn, ó fi wọ́n ṣe aṣọ ìkélé sí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ aró, ọ̀kan fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan dúdú bí alẹ́. Onílé wá, ó kùn, ó ní kí ni èyí. Ìyá ní, "Bàbá, kò kan ògiri yín. Orí okùn ni ó wà." Onílé lọ. Kò pé oṣù mẹ́ta tí àwọn ará àdúgbò fi ń júwe ọ̀nà nípa rẹ̀: "Bí o bá wọ géètì, ẹnu-ọ̀nà aláró ni kí o kàn." Ẹ kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo èyí ní ìlú tí ọ̀pọ̀ títì rẹ̀ ti wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní orúkọ, tí ilé kò sì ní nọ́ńbà. Àlejò mìíràn a máa fi wákàtí kan wá yàrá kan nínú ogún ilẹ̀kùn tí ó jọ ara wọn bí ẹyin. Obìnrin ará Baoulé tí ó kọjú sí i rí i, òun náà lọ kun pátákó kékeré kan, ó kọ "Akwaba" sí i, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ ìkíni àwọn ará ibí. Etí Yorùbá kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kí ó má rántí "Ẹ káàbọ̀". Mo ti dá a lábàá fún ìyá aláró kí ó kọ tirẹ̀ síbẹ̀ kí àwọn méjèèjì máa kí ara wọn láàárọ̀, ṣùgbọ́n ó ní aṣọ òun ti sọ ọ́.

Èrò tèmi ni pé ohun kan ṣoṣo tí ó dára sàn ju ohun mẹ́wàá lọ. Mo ti rí ẹnu-ọ̀nà tí wọ́n kó òdòdó oníke, kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́ta, iná tí ń ṣẹ́jú, àti fọ́tò olóṣèlú sí. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ìsọ̀ ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ná yín ní owó: ẹ fọ ògiri, ẹ kó garawa kúrò, ẹ wá ibìkan tí bàtà yóò máa wà. Lẹ́yìn èyí, bí onílé bá gbà, ẹ kun férémù ilẹ̀kùn àti àtẹ́rígbà nìkan ní àwọ̀ kan tí ó yàtọ̀ sí ti ògiri. Agolo ọ̀dà kékeré kan yóò tó, iṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ kan sì ni. Ẹ lo ọ̀dà olóròóró lórí irin, nítorí afẹ́fẹ́ iyọ̀ tí ó ń ti òkun àti ọ̀sà wá kì í jẹ́ kí irin lásán pẹ́. Ẹ sì ṣe é kí òjò oṣù May tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí pákó bá ni, ẹ wo ikán.

Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ó tutù, pẹ́rẹ́gún kò ní wàhálà. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, ẹ kì í bọ ilẹ̀ nínú ìkòkò amọ̀, ó ti hù. Ṣùgbọ́n ẹ lu ihò sí ìdí ìkòkò náà, kí ẹ má sì ṣe fi àwo omi sí abẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀fọn tí ó ń gbé àrùn dengue, irú èyí tí ó dà ìlú yìí láàmú ní ọdún 2017, 2019 àti 2023, inú irú omi mímọ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ni ó ń yé sí. Ẹnu-ọ̀nà tí ó lẹ́wà tí ó sì ń gbé àlejò lọ sí ilé ìwòsàn kò ṣe é yìn.

Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ ṣe é, nítorí àkókò iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ wa, a sì máa ń fi ṣòfò lórí fífi bébà ṣe ọkọ̀ ojú omi. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ohun kan tí yóò gbé lọ sí ẹnu-ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọmọ Senufo lè ya ẹja àti ìjàpá irú èyí tí ó wà lára aṣọ Korhogo. Ọmọ Kassena lè ya igun mẹ́ta rẹ̀. Ọmọ Yorùbá lè ya ohun tí ó bá rí lára àdìrẹ ìyá rẹ̀. Kí wọ́n wá fi han ara wọn, kí olúkúlùkù sì sọ ìtumọ̀ tirẹ̀. Èmi yóò fẹ́ gbọ́ ohun tí ọmọ mi ti Koumassi yóò ní láti sọ nígbà tí ó bá gbé ti tirẹ̀ délé tí wọ́n sì gbé e kọ́ sí ibi tí "à ń gbé".

Ní ti àwọn tí ẹ̀rù ọdún 1958 àti 1969 ṣì ń bà, mo ti bá káfíńtà kan ní Adjamé sọ̀rọ̀, ó sì fi bí a ti lè ṣe é hàn mí. Pátákó kan, ó gùn tó apá méjì, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹ gbẹ́ ẹ tàbí kí ẹ kùn ún bí ẹ bá ti fẹ́, ẹ lu ihò méjì sí i, kí ẹ fi okùn gbé e kọ́ sórí ìṣó méjì lókè ilẹ̀kùn. Kò kan ògiri onílé ju ìṣó méjì náà lọ. Bí ọjọ́ àtilọ bá dé, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ fẹ́ lọ o, tàbí àwọn ẹlòmíràn ni ó ní kí ẹ lọ o, ẹ ó na ọwọ́ sókè, ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó fi aṣọ wé e sáàrin ẹrù. Ó lè wá dé orí géètì oníkìnnìún ní Èjìgbò, pẹ̀lú àpá òjò Abidjan lára rẹ̀.